Ẹyọ kan nínú 120: èsì fún Ìyá Ìbejì ti Kubwa

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 37 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Ọlọ́run fi ìbejì ta mí lọ́rẹ, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n ti pé ọdún 9. Láti ìgbà yẹn, oyún yìí ni mo tún ní, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 13. Wọ́n ṣe scan tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ fún mi, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọn ò wọ̀n mí níbẹ̀, wọ́n kàn béèrè pé kíló mélòó ni mí, mo ní bóyá 70. Lọ́jọ́ kejì ní antenatal, 86 ni òṣùwọ̀n sọ. Lọ́jọ́ Ẹtì ni èsì wọlé sórí fóònù mi: 'Down syndrome, high risk, 1:120.' Mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ìyá ọkọ mi ní Ìdòwú ló ń ṣe agídí rẹ̀, kí n má ṣe àyẹ̀wò kankan mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ inú ikùn, òmíràn ní abẹ́rẹ́ yẹn ń pa ọmọ. AS ni èmi, ọkọ mi ní AA ni òun. Nọ́ọ̀sì tún kọ Pap smear fún mi pé kí n ṣe é lẹ́yìn ìbímọ. Ṣé wọ́n ti rí nǹkan mìíràn lára mi ni? Ìyá Ìbejì, Kubwa."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tó fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí ẹ ò ní rí dókítà bá sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kò ṣe é re. Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì yín, kó ka ìwé náà fún yín ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á nísinsìnyí.

1:120 ò sọ pé ọmọ inú yín ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tó ń mú kó lọ́ra láti dàgbà àti láti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngán àwọn aláboyún lọ́jọ́ antenatal: bẹ́ǹṣì 20, obìnrin mẹ́fà lórí ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn mú irú ìwé tiyín yìí dání. Ẹnì kan péré nínú wọn ni yóò bí ọmọ tó ní in. Àwọn 119 yòókù, ọmọ tí kò ní in ni wọn yóò gbé relé. Èmi ò lè búra fún yín pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹnì kan yẹn. Ṣùgbọ́n láàbù náà pẹ̀lú ò lè sọ pé ẹ̀yin ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "high risk" yẹn, kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ti fa ìlà kan sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, 1:150 ni ìlà náà wà. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1:145, "high risk" ni wọn yóò kọ fún un, kò ní lè jẹun. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1:155, "low risk" ni, á ra súyà lọ sílé. Kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì?

Àyẹ̀wò tí ẹ ṣe yẹn, asẹ́ ni. Ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó kù lórí asẹ́ ni òkúta. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kókó èlùbọ́ lásán ni. Ẹ fọwọ́ rún un, á kọjá. Àmọ́ ẹ ò lè mọ kókó yàtọ̀ sí òkúta àfi tí ẹ bá mú un lọ́wọ́. Asẹ́ tiyín yìí dára díẹ̀: nínú 100 oyún tó ní Down syndrome, ó ń mú bíi 85 sí 90. Ṣùgbọ́n nínú 100 oyún tí kò ní nǹkan kan, ó ń dá bíi 5 dúró lásán. Torí pé àwọn tí kò ní nǹkan kan ló pọ̀ jù láyé, àwọn gan-an ló ń kún orí asẹ́.

Ibo ni wọ́n ti rí nọ́ḿbà yẹn? Ohun mẹ́rin ni wọ́n pò pọ̀: ọjọ́ orí yín, omi tó wà lábẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, àti ohun méjì nínú ẹ̀jẹ̀ yín, PAPP-A àti free beta hCG. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ orí. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lára wa ni krómósómù, àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá wa, wà ní méjì-méjì. Jérôme Lejeune àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló fi hàn ní 1959 pé ọmọ tó ní Down syndrome ní mẹ́ta lára ti 21, dípò méjì. Bí ẹyin ìyá ṣe ń dàgbà ni irú àṣìṣe pínpín yẹn ń pọ̀ sí i. Fún obìnrin ọmọ ọdún 25, ó kéré sí ọ̀kan nínú 1,000. Ní ọdún 40, ó tó bí ọ̀kan nínú 100. Ọdún 37 yín nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ lé yín nínú, ti fi yín sí ibì kan láàárín ọ̀kan nínú 150 sí ọ̀kan nínú 250. Nítorí náà 1:120 ò jìnnà sí ibi tí ọjọ́ orí yín ti gbé yín sí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ jẹ, kì í ṣe ọ̀kadà tí ẹ gùn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Scan ọrùn yẹn, iṣẹ́ àwọn Kypros Nicolaides ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1992 ló gbé e jáde. Àárín ọ̀sẹ̀ 11 sí ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ mẹ́fà nìkan ni wọ́n lè ṣe é, nígbà tí ọmọ gùn tó mìlímítà 45 sí 84 láti orí dé ìdí. Ìdá mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá gbọ̀n tàbí tí ọmọ bá gbórí sókè jù, nọ́ḿbà á yí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró sí jù lọ nìyí: 70 tí ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ bá da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, tí ẹ da ṣíbí kan náà sínú ìkòkò ńlá, ìkejì á té. Iyọ̀ ò dín, ìkòkò ló tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni PAPP-A ṣe ń rí nínú ara obìnrin tó sanra díẹ̀: ó máa ń dà bíi pé ó kéré. Kọ̀ǹpútà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ṣàtúnṣe sí i, àmọ́ ìwọ̀n tí ẹ bá fún un ni yóò fi ṣe é. Wọ́n sọ fún un pé ìkòkò yín jẹ́ 70, 86 sì ni. Nígbà náà, ó rí iyọ̀ tó té, ó sì gbé ẹ̀rù lé e. Àti pé PAPP-A àwa èèyàn dúdú ga ju ti òyìnbó lọ. Kí ẹ wo ìwé náà bóyá wọ́n ti kọ ìran yín sí i bó ṣe yẹ, torí mo ti rí èyí tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi sílẹ̀ bó ṣe bá a, tí ìyá tó wá láti Ìkirè di òyìnbó lórí ìwé. Ẹ wo ọjọ́ oyún náà pẹ̀lú, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n béèrè nípa ìtọ̀ ṣúgà àti bóyá ilé ìwòsàn ló bá yín lóyún, ìyẹn IVF.

Ẹ ò nílò ẹ̀jẹ̀ tuntun fún èyí. Ẹ pe láàbù náà, kí wọ́n tẹ 86 wọlé, kí wọ́n tún un ṣírò. Mi ò lè ṣèlérí ibi tí nọ́ḿbà yóò bọ́ sí. Ó lè fò kọjá 150, ó lè má kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ọrùn ọmọ wọ̀n, ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà yìí nìkan ló kù. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ mẹ́fà, ilẹ̀kùn ti tì.

Ká wá ní nọ́ḿbà náà ò kúrò. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi tọkọtaya kí n tó kọ àyẹ̀wò mìíràn fún wọn: bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí lẹ máa fi ṣe? Ẹ̀yin àti bàbá ìbejì ni kí ẹ jọ jókòó lé e lórí, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ojú abẹ níkòó: ní Abuja níbí, òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Penal Code ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣẹ́ oyún àfi bó bá jẹ́ láti fi gba ẹ̀mí ìyá là. Nítorí náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi èsì náà ṣe ní ọ̀dọ̀ wa ni ìmúrasílẹ̀, ìmúrasílẹ̀ náà sì ń gba ẹ̀mí là. Nínú ọmọ méjì tó ní Down syndrome, bí ọ̀kan ló ní àléébù nínú ọkàn. Àwọn kan, ìfun wọn dí láti inú ìyá wá. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó dé sí ilé ìgbẹ̀bí inú yàrá méjì ní òru. Ibi tí dókítà ọmọ tuntun wà ni kó ti dé, bíi National Hospital tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Gwagwalada. Obìnrin kan tó ń wá sọ́dọ̀ mi láti Karu mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 20. Kí ọmọ tó dé, ó ti mọ orúkọ dókítà ọkàn, ó sì ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má wá bá òun sunkún. Ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn. Lónìí òun ló ń gba fáìlì ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì ní fún ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn sọ fún mi pé àwọn ò fẹ́ mọ̀, ohun tí Ọlọ́run bá fún àwọn làwọn máa gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Wọ́n máa ń ṣe scan ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 tó ń wo ọmọ láti orí dé àtàǹpàkò, torí ọkàn rẹ̀, ó parí. Kí ẹ kàn mọ̀ pé scan yẹn lè dára pátápátá kí ọmọ ṣì ní in.

Bó bá jẹ́ àbúrò mi ló wà nípò yín, tó fẹ́ mọ̀, tí owó sì wà, màá ní kó ṣe NIPT, àyẹ̀wò tó ń wá DNA ọmọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kó tó dé ibi abẹ́rẹ́ inú ikùn. Ibi ọmọ máa ń já DNA wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Dennis Lo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé ní 1997, òun ni wọ́n ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà ní apá yín láti ọ̀sẹ̀ 10 lọ. Asẹ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wẹ́ gan-an: ó ń mú bí 99 nínú 100, bí ọ̀kan nínú 1,000 ló sì ń dá dúró lásán. Bí ó bá ní kò sí, ẹ lọ sùn. Bí ó bá ní ó wà, fún ẹni tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 1:120, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa ń jẹ́ òótọ́, kò tíì pé mẹ́wàá, torí ara ibi ọmọ ni DNA náà ti wá, kì í ṣe ara ọmọ gan-an. Pẹ̀lú kíló 86, wọ́n lè pè yín padà pé DNA ọmọ kò tó nínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ wá fún àwọn ní òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ láàbù wa ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹ béèrè ibi tó ń lọ, ọjọ́ tí èsì á dé, àti ta ni yóò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. (Àwọn kan ń ṣe NIPT ní ìlú yìí kìkì torí kí wọ́n lè mọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n máa rà fún ọmọ. Ó dà bí ẹni gbé àdá láti fi rẹ́ ewédú.)

Abẹ́rẹ́ inú ikùn ni ìgbẹ̀yìn, òun ni fífọwọ́ mú ohun tó kù lórí asẹ́. Ọ̀nà méjì ni: wọ́n lè bu díẹ̀ lára ibi ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí kí wọ́n fa omira láti ọ̀sẹ̀ 15 lọ. Èkejì ló ṣeé ṣe jù fún yín báyìí. Ẹ máa dùbúlẹ̀, wọ́n á da jẹ́ẹ̀lì tútù sí yín níkùn, ojú dókítà á wà lórí ẹ̀rọ scan ní gbogbo ìgbà kí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín náà má bàa kan ọmọ. Omi ṣíbí ìmùkọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni, ó mọ́ gaara, ó pọ́n díẹ̀ bí omi tíì tó té. Kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé ó ń pa ọmọ? Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, oyún tó ń tìtorí rẹ̀ bàjẹ́ kò tó ọ̀kan nínú 200. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ó kàn sọ ọ́ di ńlá ju bó ṣe rí lọ ni. Nítorí náà ẹ bi dókítà náà léèrè ní tààrà pé mélòó ló ń ṣe lọ́dún. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ "negative", O negative tàbí irú rẹ̀, ẹ rán wọn létí abẹ́rẹ́ anti-D, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn náà, tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ilé kẹ́mísì.

Ẹ fi gbólóhùn kan sínú lẹ́tà yín bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì, òun ló sì ká mi lára jù: "ọkọ mi ní AA ni òun." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n gbà torí ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé S nìkan ló ń wá. Ẹni tó jẹ́ AC, wọ́n á kọ AA fún un, C sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá gan-an. Bí AS àti AC bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SC, tí òun náà jẹ́ irú fòní-kú-fọ̀la-dìde kan. AS àti AS, ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS, fòní-kú-fọ̀la-dìde gan-an. Ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ gbọ́ yẹn o, ìdá kan nínú 120 ló sì ń gba oorun lójú yín! Electrophoresis tàbí HPLC, àyẹ̀wò tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀, ni kí ó ṣe, ní láàbù ilé ìwòsàn ńlá. Bó bá jẹ́ AA lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, omira kan náà lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún dókítà kó tó fà á. NIPT tí wọ́n sábà ń tà kì í wo ti genotype.

Nípa Màmá: ẹ má bá wọn jà. Ìdòwú ni yóò jẹ́ lóòótọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà kó tó dé, bí wọ́n ṣe máa ń sọ nípa wọn. Ẹ ní kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, kí ẹ̀yin máa ṣe àyẹ̀wò lọ. Kò sí èyí tó dí èkejì lọ́nà.

Ohun kan tí ẹ ò mẹ́nu kàn ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín. Mo ti rí àwọn ìyá tó fi owó ńlá ṣe NIPT, tí wọn kì í sì í dúró kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá wọn torí pé èrò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ. Ọdún 37, kíló 86, ọdún mẹ́sàn-án láàárín oyún méjì, àti PAPP-A tó bá ṣì kéré lẹ́yìn àtúnṣe: ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ bá dókítà antenatal yín, kí ẹ béèrè bóyá aspirin kékeré tọ́ sí yín. Kí oyún tó dé ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a lò fúnra yín. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ṣúgà fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28.

Pap smear yẹn, àyẹ̀wò fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú oyún yìí rárá, wọn ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ orí yín ló tó o, nọ́ọ̀sì yẹn mọṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ ló tún wọ́pọ̀ jù láàárín obìnrin Nàìjíríà, fáírọ́ọ̀sì HPV ló sì ń fà á. Irú 16 àti 18 nìkan ló ń fa bíi méje nínú mẹ́wàá. Ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá, àní 20, kí ó tó di jẹjẹrẹ. Irin tàbí rọ́bà tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń la ojú ara, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ń gbo ẹnu ilé ọmọ, ó lè ni yín lára díẹ̀, kì í pẹ́. Ní àwọn ibìkan, ohun kíkan bíi fínígà ni wọ́n máa fi kàn án, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá funfun ni wọ́n á wò dáadáa. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò HPV gan-an, òun ni mo fẹ́ràn jù: ẹ lè fi òwú orí igi gba tiyín fúnra yín, bó bá sì mọ́, ó tó ọdún márùn-ún kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìbímọ.

Àwọn tó sì yẹ kó ṣe nǹkan lórí ọ̀rọ̀ HPV nísinsìnyí ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Abuja sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹyọ kan péré fún ọmọ kan. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ kọ́kọ́ pe láàbù, kí ẹ sọ fún wọn pé 86 ni, kì í ṣe 70. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ní antenatal ọjọ́ tí wọ́n ń gún HPV, kí ẹ mú àwọn méjèèjì dání. Kẹ́hìndé ni kí wọ́n kọ́kọ́ gún. Òun náà ni ẹ̀gbọ́n.